Olùtọ́jú Ilé Àlejò: Ìrántí Àwọn Tí Wọ́n Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìtọ́jú Aláìsàn

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ Júbílì fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ìrántí yìí nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Ìjọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nínú àwọn ojú ìwé yòókù, ẹ óò ka orúkọ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù, ti àwọn Fadá tí wọ́n kọ́ ilé Ọlọ́run, àti ti àwọn tí wọ́n dá owó. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó fọ egbò, tí ó se omi gbígbóná, tí ó jókòó ti ẹni tí ń kú lọ ní òru, kì í sábà wọ inú ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo wa ni a mọ òwe tí Olúwa wa pa nípa ará Samáríà aláàánú, nínú Ìyìn Rere ti Lúùkù, orí 10. Àlùfáà rí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà ṣá lọ́gbẹ́, ó kọjá. Ọmọ Léfì rí i, òun náà kọjá. Ará Samáríà ni ó dúró, ó fi òróró àti wáìnì tọ́jú egbò rẹ̀, ó gbé e lé ẹran tirẹ̀, ó sì mú un lọ sí ilé àlejò. Ní ọjọ́ kejì, ó fún olùtọ́jú ilé náà ní owó fàdákà méjì, ó fi aláìsàn lé e lọ́wọ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Òru kan péré ni ará Samáríà lò. Ta ni ó pààrọ̀ aṣọ egbò náà ní ọjọ́ kẹta? Ta ni ó fún ọkùnrin náà ní ẹ̀kọ mu nígbà tí kò lè jẹun? Ta ni ó dì í mú ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fẹ́ dìde rìn? Olùtọ́jú ilé àlejò ni. Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ rẹ̀, a kì í sì í wàásù nípa rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ séminárì, wọ́n kọ́ wa pé àwọn onímọ̀ Ìjọ àtijọ́, bíi Origen àti Augustine Mímọ́, rí àwòrán Ìjọ gan-an nínú ilé àlejò yìí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ohun méjì ni a fi lé Ìjọ lọ́wọ́: kí ó gba aláìsàn wọlé, kí ó sì dúró tì í títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Gbígbà wọlé jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Dídúró tì í ni iṣẹ́ ọdún púpọ̀.

Láti Ouidah dé Lántòrò

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861 ni Fadá Francesco Borghero àti Fadá Francisco Fernandez gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ọmọ ẹgbẹ́ àwọn Ajíyìnrere fún Áfíríkà ni wọ́n, ẹgbẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856. Láti Ouidah, iṣẹ́ náà tàn dé Àjàṣẹ́ ní 1864, ó dé Èkó ní 1868, ó sì dé Abẹ́òkúta ní 1880. Nígbà náà, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ń jẹ́ Benin bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, kò sì sí Nàìjíríà. Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ààlà tí ó pín àwọn ọmọ ìyá sí ọ̀tún àti òsì. Nítorí náà, bí mo bá mẹ́nu ba Abẹ́òkúta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn àjòjì ni mo ń sọ. Ọmọ bàbá kan ni wá nínú èdè, ọmọ ìyá kan sì ni wá nínú ìgbàgbọ́.

Ẹ rántí bí ilẹ̀ wa ti rí ní àkókò náà. Ogun Dànhọmẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn ní ẹrú, ìlú sì di ahoro. Nǹkan bí ọdún 1894 ni àwọn tí ó kù padà wá tún ilé baba wọn kọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1895, Fadá Jean-Marie Coquard dá ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta. Ilé ìwòsàn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí èyí tí ó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà.

Iṣẹ́ àlùfáà ni a rán Fadá Coquard wá ṣe; àìní àwọn ènìyàn ni ó fi iṣẹ́ ìṣègùn kún un. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni iye ọdún tí ó lò. Ọdún 1933 ni ó kú. Láti 1895 dé 1933 jẹ́ ọdún 38. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ìlú Abẹ́òkúta rí ohun púpọ̀: Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ogun Àdùbí ní 1918, àti àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà tí ó jà ká gbogbo ayé ní ọdún 1918 kan náà. Ọmọ tí a tọ́jú ní Lántòrò ní ọdún 1895 ti lè gbé ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wá síbẹ̀ kí Fadá náà tó kú. Bí ènìyàn bá dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oògùn rẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn ń gbà mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àwọn Sístà Ìyá Wa ti Àwọn Àpọ́sítélì, tí Fadá Augustin Planque dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1876, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà. Yàtọ̀ sí àwọn Sístà, àwọn ọmọ ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ilé ìwòsàn rí yóò mọ̀ pé bí ó ti ní láti rí nìyẹn. Ẹnìkan ni láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ aláìsàn, nítorí àìsàn tí a kò lè sọ kò ṣeé wò. Ẹnìkan ni láti pọn omi, kí ó sì sè é. Ẹnìkan ni láti fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹnìkan ni láti sọ fún ìyá tí ẹ̀rù ń bà pé, "Fi ọkàn balẹ̀, a ti rí irú èyí rí, ó sì san." A mọ orúkọ Fadá Coquard. Orúkọ àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́? Bí ẹbí wọn kò bá pa á mọ́, ó ti lọ nìyẹn.

Egbò tí ó nílò sùúrù

Kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ti àtijọ́ ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀bá ilé wa. Ní àwọn ilẹ̀ olómi wa, láti ẹ̀bá odò Ouémé títí dé agbègbè Pobè, àrùn kan wà tí a ń pè ní Buruli. Orúkọ agbègbè kan ní Ùgáńdà ni a fi pè é. Kòkòrò tí ń fà á bá èyí tí ń fa ẹ̀tẹ̀ àti èyí tí ń fa ikọ́ fée tan. Kókó kékeré ni ó sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ ara, kì í sì í sábà dun ni. Nítorí pé kò dunni, a kì í kà á sí. Nígbà tí ó bá yá, kókó náà yóò bẹ́, egbò yóò sì máa jẹ awọ lọ, nígbà mìíràn títí dé egungun. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáradára, apá tàbí ẹsẹ̀ lè ká kò, kí ó má lè nà mọ́. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ni ó sì ń mú jù ní ilẹ̀ wa.

Ìwọ̀ oòrùn Kétu, ní òdìkejì odò Ouémé, ni Zagnanado wà. Níbẹ̀, ní ilé ìtọ́jú Gbemontin, Sístà Julia Aguiar àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú àwọn alárùn Buruli ní àkókò tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn nínú ayé kò tíì gbọ́ orúkọ àrùn náà. Nítorí pé wọ́n dúró síbẹ̀, tí wọ́n sì ń ka iye àwọn tí ń wọlé, wọ́n rí ohun tí àlejò ọjọ́ kan kò lè rí. Ní 1997, orúkọ Sístà náà wà lára orúkọ àwọn tí wọ́n kọ̀wé fún àwọn onímọ̀ pé àrùn yìí ń pọ̀ sí i ní Benin. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe ìpàdé ńlá sí Yamoussoukro, ní Côte d'Ivoire, nítorí àrùn Buruli. Ní 2003, a ṣí ilé ìtọ́jú àrùn náà ní Pobè, ní àárín àwọn tiwa, lábẹ́ àjọ tí ń jẹ́ orúkọ Raoul Follereau, ọmọ Ìjọ Kátólíìkì tí ó fi ayé rẹ̀ jà fún àwọn adẹ́tẹ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, abẹ ni oògùn Buruli. A ó gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, a ó sì mú awọ láti ibòmíràn lára bò ó. Aláìsàn a máa lo ọ̀pọ̀ oṣù ní ilé ìwòsàn. Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀: kí aláìsàn máa lo rifampicin, kí a sì máa gún un ní abẹ́rẹ́ streptomycin, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tí ó yá, oògùn tí a ń gbé mì tí ń jẹ́ clarithromycin rọ́pò abẹ́rẹ́ náà. Oore ńlá ni èyí, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ.

Síbẹ̀, ẹ ka iye ọjọ́ tí ó wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọjọ́ 56 ni. Ìyá fi oko sílẹ̀, ọmọ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bàbá ń wá owó ọkọ̀. Bí oògùn tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, egbò ṣì wà tí a gbọ́dọ̀ máa fọ̀, apá sì wà tí a gbọ́dọ̀ máa nà díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ká. Ìgbà tí a bá ń nà án, ọmọ a máa ké. Ọ̀dọ́mọdé nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ṣàánú ọmọ náà kí ó sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé àánú tòótọ́ ni kí ọmọ ké lónìí, kí ó lè di ọkọ́ mú lọ́la. Ó mọ orin tí yóò kọ fún un. Ó mọ ìgbà tí yóò dúró, ó sì mọ ìgbà tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú páálí oògùn. Ọdún ni ó ń kọ́ni.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí ìyá kan ní abúlé bá rí kókó lára ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ó ń kọ́kọ́ rò. Ó ń rò pé bóyá ẹnìkan ni ó fi ṣe òun. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè yí ọkàn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn bá kàn ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ó sì wí pé, "Gbé ọmọ yìí, jẹ́ ká lọ," yóò dìde.

Àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n mọ egbò

Ìjọ kò ṣàì ní àwòkọ́ṣe fún iṣẹ́ yìí. John ti Ọlọ́run, ẹni mímọ́ tí a bí ní Pọtugí ní 1495, ni a ti mú lọ sí ilé ìwòsàn ní Granada bí aṣiwèrè. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ti ń lu àwọn aláìsàn níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú tirẹ̀, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1550. Camillus de Lellis, tí a bí ní 1550 kan náà, ní egbò ní ẹsẹ̀ tí kò san títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Aláìsàn ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Róòmù kí ó tó di òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1886, ọdún kan náà tí Kétu fọ́, Pápà Leo XIII fi àwọn méjèèjì ṣe alágbàwí fún àwọn aláìsàn àti ilé ìwòsàn gbogbo.

Àwọn Arákùnrin ti ẹgbẹ́ John ti Ọlọ́run ni wọ́n dá ilé ìwòsàn Afagnan sílẹ̀ ní Tógò ní àwọn ọdún 1960, àti ti Tanguiéta, ní òkè àríwá Benin, ní 1970. Àwọn ará wa láti ìhà gúúsù pàápàá mọ ọ̀nà Tanguiéta, bí ó tilẹ̀ jìn. Níbẹ̀ ni Arákùnrin Fiorenzo Priuli, ọmọ Ítálì, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ènìyàn bá rin ìrìn àjò láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó ń gbé e lọ. Ó gbọ́ pé ẹni tí ó tọ́jú àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò tíì lọ.

Ẹ sì rántí ọdún 1993. Láti ọjọ́ 3 dé ọjọ́ 5 oṣù kejì, Pápà John Paul Kejì wà láàárín wa ní Kútọnù àti Parakou. Ìgbà kejì rẹ̀ nìyẹn ní Benin, lẹ́yìn èyí tí ó wá ní 1982. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì náà, kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́dọ̀ wa, gbogbo Ìjọ ṣe Ọjọ́ Àwọn Aláìsàn Lágbàáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti pàṣẹ ní 1992. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ìrántí Ìyá wa ti Lourdes ni a ń fi gbàdúrà fún àwọn aláìsàn àti àwọn tí ń tọ́jú wọn.

Ẹ̀bi mi

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ kí n tó parí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di katikíìsì, ìyá àgbà kan ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìtọ́jú aláìsàn kékeré kan tí mo máa ń bẹ̀ wò. Wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń se ohun èlò nínú omi gbígbóná, wọ́n ń di egbò, wọ́n sì ti gba ẹ̀bí ọmọ tí kò níye. Bí aláìsàn bá ń kú lọ ní òru, àwọn ni wọ́n máa ń rán ọmọ sí mi pé kí n wá gbàdúrà. Bí mo bá dé, n óò bá ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọwọ́ aláìsàn nínú ọwọ́ wọn. Wọ́n ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí agbára wọn dín kù, ìyá wí fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé, wá kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀ kí n tó lọ." Mo ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Ìyá. Bí a bá ti ṣe Àjíǹde tán, n óò wá." Ìyá wọ ilẹ̀ lọ kí Àjíǹde tó kọjá tán. Nígbà tí mo ṣí ìwé ìjọ, ohun méjì ni mo rí nípa wọn: ọjọ́ ìbatisí wọn, àti ọjọ́ tí a sin wọ́n. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, ìwé kò sọ nǹkan kan. Kò sí ìwé owó ìfẹ̀yìntì, kò sí àwòrán, kò sí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ̀bi náà tèmi ni, n kò lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ ìjọ wa pé kí ọdún Júbílì yìí má ṣe kọjá lásán. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọ, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn láàárín wa, láti orí dókítà dé orí agbálẹ̀: ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ó fi í sílẹ̀, àti irú iṣẹ́ tí ó ṣe. Ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ mú orúkọ wọn wá. Èkejì, ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdọọdún, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn orúkọ náà sókè nínú Mísà, ti alààyè àti ti òkú. Ẹ̀kẹta, àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ṣì wà láàárín wa. Àwọn mìíràn nínú wọn kò rí owó ra oògùn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún ẹlòmíràn rí. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ẹnìkan ṣe, kí a máa bẹ̀ wọ́n wò, kí a sì máa gbọ́ ìtàn wọn nígbà tí etí ṣì lè gbọ́ ọ.

Nínú òwe Olúwa wa, kí ará Samáríà tó lọ, ó sọ fún olùtọ́jú ilé àlejò pé bí ó bá ná ju owó tí òun fi sílẹ̀ lọ, òun yóò san án nígbà tí òun bá padà dé. Àwọn tí mo sọ̀rọ̀ wọn yìí ti ná ju owó fàdákà méjì lọ. Wọ́n ti ná ìgbà èwe wọn, oorun wọn àti agbára ẹ̀yìn wọn. Olúwa tí ó ṣèlérí yóò padà wá, yóò sì san gbèsè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, tí ó sì bi wá pé níbo ni olùtọ́jú ilé àlejò wà, ǹjẹ́ a ó mọ orúkọ tí a ó pè?

Kí Ọlọ́run Alágbára sàn án fún àwọn alààyè nínú wọn, kí ó sì fún àwọn tí wọ́n ti sùn ní ìsinmi ayérayé. Kí Màríà, Ìlera àwọn Aláìsàn, máa gbàdúrà fún wa. Àmín.